Olófòófó Inú Igbó

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tèmi. Ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, kó rọra máa fọ̀ ọ́, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ariwo. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi kékeré ni, èyí tí mò ń pè ní Akọ̀wé. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọ agbo ilé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikun ń ṣàn nímú rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, tí èmi ìyàwó fi ìborùn mi nù ún. Àṣà ni àṣà. Títí dòní, bó bá ti ìrìn àjò dé, màá kúnlẹ̀, òun náà á ní, “Ìyàwó, ẹ dìde,” bí ẹni pé òun ló san owó orí mi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ní Ìpáò tí n kò mọ̀ dé ìdí? Mo mọ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní kọngílá, tó jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ ló ń bá wọn kó. Mo mọ ẹni tó ní oko kòkó lẹ́nu, tí kò ní in nílẹ̀. Iṣẹ́ Akọ̀wé nìkan ló ta kókó fún mi, ìyá rẹ̀ ló sì ta á. Ìyá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ó ní ọmọ òun ti di dókítà. Gbogbo wa jó. Kò sì purọ́, dókítà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ìwé ni, ẹranko igbó ló sì kọ ìwé náà lé lórí. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà: onírora ẹsẹ̀, ẹlẹ́jẹ̀ ríru, títí kan ìyá kan láti òkè odò tó fa ewúrẹ́ tó ń wúkọ́ lọ́wọ́. Akọ̀wé bẹ̀ wọ́n, ó ní ẹranko inú igbó lòun mọ̀, òun kò mọ ti ilé. Ìyá eléwúrẹ́ kọ háà. Ó ní, “Èyí tó ní olówó, o ò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Èyí tí kò ní olówó, o lọ kàwé títí lé e lórí!” Ó fa ewúrẹ́ rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ náà yè o. Èmi ni mo júwe ewé fún un. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ.

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni igbó Ìsẹ̀-Èkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Èkìtì kan náà ni gbogbo Èkìtì, ẹ gbọ́ ná. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, láti Ìpáò sí Òkè-Àkò sí Ìrèlè, títí tí a fi kan àwọn ará Kogí, pápá ti wọ inú igbó wa. Koríko pọ̀ ju igi lọ. Bí ẹ bá gba Ìkọ̀lé kọjá, tí ẹ kọrí sí gúúsù, sí ìhà Ẹmùrẹ́ àti Ìsẹ̀, ibẹ̀ ni igbó kìjikìji kù sí. Igbó ìjọba ni, àwọn fọ́rẹ́sítì ló ń ṣọ́ ọ. Inú rẹ̀ ni ìnàkí ń gbé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò ní ọ̀bọ, mi ò ní ẹdun, ìnàkí ni mo wí: elégbèdè tí kò nírù, tó ń fi ọwọ́ jẹun bíi tèmi tìrẹ. Akọ̀wé ní oríṣi ìnàkí mẹ́rin ló wà láyé, pé tiwa yìí, èyí tó jẹ́ pé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ló ti ń gbé, òun ló kéré jù níye. Gbogbo wọn pátá kò tó 10,000. Ẹ fi ìyẹn wé ènìyàn tó ń ná ọjà ní Adó-Èkìtì lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ní ilẹ̀ Yorùbá wa, igbó tí wọ́n ṣẹ́kù sí kò pọ̀, àwọn tó sì wà nínú igbó kan kò lè kọjá sí òmíràn mọ́, nítorí oko àti títì ti là wọ́n láàárín. Òyìnbó obìnrin kan, Elizabeth Greengrass, rìn yíká àwọn igbó wọ̀nyí ní 2006. Nígbà tó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2009, ó fi sí orí àkọlé rẹ̀ gbangba pé ìnàkí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ pàápàá ti ń tọ ipasẹ̀ ìnàkí inú igbó Ìsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá wa, kò sì sẹ́ni tó gbé òfófó rẹ̀ wá sí Ìpáò! Ó dùn mí gan-an.

Mo wá bi Akọ̀wé, mo ní, “Ọkọ mi, kí wá lẹ ń fi wọ́n ṣe? Ṣé ẹ ń bọ́ wọn ni?” Ó ní rárá. “Ẹ ń tà wọ́n?” Ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. “Ó dáa, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́?” Ó ní, “Ìyàwó, à ń kà wọ́n ni.”

Mo gbé ọwọ́ mi lé àyà. Ṣé a máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Ẹ̀yin náà mọ èèwọ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kì í rí wọn kà lójúkojú, pé ìbọn ti kọ́ ìnàkí lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, á ti lọ. Ibùsùn wọn ni àwọn ń kà. Háà, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ẹ fi abọ́ yẹn sílẹ̀ ná.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìnàkí á gun orí igi, á tẹ ẹ̀ka mọ́lẹ̀, á ṣẹ́ ewé lé e lórí, á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dáadáa, á sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, á fi ìyẹn sílẹ̀, ó di òmíràn lálẹ́. Àgbà kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ́ tirẹ̀. Ọmọ ọwọ́ nìkan ló ń bá ìyá rẹ̀ sùn, títí tí yóò fi já lẹ́nu ọmú. Akọ̀wé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá gba ìsàlẹ̀ kọjá, wọ́n á gbójú sókè. Bí ewé bẹ́ẹ̀dì bá ṣì tutù, wọ́n mọ̀ pé àná ni wọ́n sùn síbẹ̀. Bó bá ti gbẹ, wọ́n mọ̀ pé ó ti pẹ́. Wọ́n á ka iye bẹ́ẹ̀dì tó wà lójú kan, wọ́n á mọ iye ẹni tó sùn nílé lóru. Wọ́n á wo abẹ́ igi, wọ́n á ṣa ìgbẹ́ wọn sínú ọ̀rá, wọ́n á tú u wò, wọ́n á mọ ohun tí oníkálukú jẹ. Nígbà mìíràn, wọ́n á gbọ́ tí àwọn akọ ń lu gbòǹgbò igi ńláńlá gbì gbì, tí ohùn rẹ̀ ń lọ jìnnà, wọ́n á mọ ìhà tí agbo kọrí sí.

Mo ní, “Akọ̀wé, dúró ná. Ẹ mọ ẹni tó sùn nílé. Ẹ mọ ẹni tó pààrọ̀ ibùsùn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n jẹ lánàá. Ẹ ò kàn wọlé wọn o, ìta lẹ ti ń yọjú.” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, “Iṣẹ́ tèmi ni iṣẹ́ yìí! Ohun tí wọ́n ń bú mi fún láti ọjọ́ tí mo ti wọ agbo ilé yìí, ìjọba fún ọ ní ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀!” Kò lè fèsì. Ìyá rẹ̀ ní kí n dákẹ́ ẹnu mi, pé ọmọ òun kì í ṣe àmèbo. Kí lòun fẹ́ pè é?

Ẹ ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé olófòófó kò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Irọ́ ni. Wọn ò tíì mọ ti inú igbó ni. Obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan wà tó ń jẹ́ Rachel Ikemeh, òun ló dá àjọ SW/Niger Delta Forest Project sílẹ̀. Òun náà ló bá ìjọba Èkìtì sọ ọ́ pé kí wọ́n ya apá kan nínú igbó Ìsẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìnàkí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gégi níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣọdẹ níbẹ̀. Ní 2020, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ẹ̀bùn Whitley, 40,000 pọ́ùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, obìnrin náà ni, Iroro Tanshi, gba irú ẹ̀bùn yẹn. Àdán ni tirẹ̀ o! Àdán ló lọ ń ṣọ́ lórí òkè Afi ní ìpínlẹ̀ Cross River.

Lọ́jọ́ tí Akọ̀wé sọ iye owó yẹn fún wa, a ò sùn. Bàbá Ọdẹ agbo ilé wa fi igi ṣírò rẹ̀ sórí ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi tán. Ìyá Akọ̀wé ti fi pọ́ùn àwọn ẹlòmíràn kan páànù tuntun sórí ilé wa, ó ti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí ìta. Àfi ìgbà tí Akọ̀wé ní kò sí ẹni tó ń kó owó náà sápò: bàtà àwọn gáàdì ni, epo ọkọ̀ ni, owó oṣù ni, kámẹ́rà ni. Àwọn ọdẹ tó mọ igbó náà bí ẹni mọ yàrá rẹ̀ ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ gáàdì ọ̀hún. Ẹni tó ń yìnbọn fún ìnàkí tẹ́lẹ̀, òun ló ń ṣọ́ wọn báyìí. Bàbá Ọdẹ gbọ́ “owó oṣù”, ó bi Akọ̀wé léèrè ọ̀nà Ìsẹ̀.

Mo dárúkọ kámẹ́rà. Ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀, màá padà. Kámẹ́rà yìí, ara igi ni wọ́n ń so ó mọ́, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ohunkóhun tí ara rẹ̀ bá gbóná tó bá kọjá níwájú rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sán, ì báà jẹ́ òru, á ya á. Etu ni, ìgalà ni, òkété ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tèmi, ènìyàn náà lára ń gbóná. Bàbá kan wà, mi ò ní sọ ìlú rẹ̀, tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Adó lòun ń lọ, pé ìpàdé ẹgbẹ́ ni. Òun rèé nínú fọ́tò lóru, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gégi léjìká. Obìnrin kan sì ń tan iná tọ́ọ̀ṣì fún un. Mo bẹ Akọ̀wé títí, mo fi iyán àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó sáà júwe obìnrin yẹn fún mi. Ó kọ̀. Ó ní iṣẹ́ òun kò gba kí òun máa gbé ọ̀rọ̀ ènìyàn kiri, ti ẹranko nìkan lòun ń sọ. Irú olófòófó wo nìyẹn?

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀ẹ́n, kíkà. Mo bi í pé kí ló dé tí ìnàkí fi gba wàhálà tó báyìí, ṣebí ẹranko ni, á tún bí òmíràn. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni a kò gbọ́ òfófó wọn dáadáa sí. Ọ̀yà lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, á sì bí mẹ́rin, márùn-ún, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìnàkí á tó ọmọ ọdún 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bí àkọ́bí, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò bí, á sì tó ọdún márùn-ún, mẹ́fà, kó tó bí òmíràn. Ọdẹ tó bá pa ìyá kan lónìí, ó ti pa ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti pa àwọn tí ì bá bí. Ẹ ò rí i pé ìnàkí ń fi ètò sọ́mọ bíbí ju àwọn kan nínú agbo ilé yìí lọ? Ẹ má wojú mi. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ẹlẹ́ran Ìgbẹ́ tó wà nítòsí ọjà náà gbọ́ pé Akọ̀wé wálé, ó gbé akika wá bá a, ó ti sọ iye owó rẹ̀ tán. Ó rò pé ẹni tó fẹ́ràn ẹranko tó bẹ́ẹ̀, á rà á jẹ ni. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ àlàyé fún un. Ó ní akika kò ní eyín, èèrà àti ikán ló ń jẹ, ọ̀kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ rogodo, kìnnìún á yí i títí, á fi í sílẹ̀. Ènìyàn ní tirẹ̀ á kàn gbé e sínú àpò. Ó ní ní 2016, àwọn ìjọba àgbáyé pàdé ní Johannesburg, wọ́n fòfin de títa oríṣi akika mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọjá ààlà orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìpẹ́ rẹ̀ ń gba Nàìjíríà kọjá lọ sí Ṣáínà lápò lápò. Àwọn olùkọ́ wa méjì, Soewu àti Ayodele, ti kọ ọ́ ní 2009 bí àwọn oníṣègùn ní Ìjẹ̀bú ṣe ń lò ó látorí títí dé ìrù. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olajumoke Morenikeji kó ẹgbẹ́ kan jọ nítorí akika nìkan. Ìyá Ẹlẹ́ran Ìgbẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí, ó ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́. Èló lo máa san?”

Àwọn kan ń bi mí pé kí ni igbó Ìsẹ̀ kàn wá ní Ìpáò. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tiwa. Nígbà tí mo wọ agbo ilé yìí, igi ìrókò ṣì wà lọ́nà odò. Ọ̀ganwó wà. Níbo ni wọ́n wà? Wọ́n ti di bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn l'Ékòó. Ta ló kà wọ́n? Kò sí. Nígbà tí wọ́n ku mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ku mẹ́wàá. Nígbà tó ku ọ̀kan, a rò pé wọ́n pọ̀ lápá ibòmíràn. Àdán tí gbogbo yín ń ju òkò lù, Akọ̀wé ní òun ló ń jẹ èso ìrókò, tó ń fò lọ sí ọ̀nà jíjìn, tó ń yàgbẹ́ hóró rẹ̀ sílẹ̀ kó lè hù. Àwọn tó wà lórí igi ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣépè fún nítorí ìdọ̀tí, irú wọn gan-an ni. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà, mò ń wò yín.

Ìyá Akọ̀wé ò fẹ́ kó padà sígbó mọ́, n kò sì lè bú u. Ẹ rántí ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024. Wọ́n pa ọba méjì tó ń bọ̀ wálé lọ́nà ìhà wa níhìn-ín. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùrẹ́, ìhà ibi tí Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ìyá kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan. Akọ̀wé ní, “Màmá, igbó tí kò sẹ́ni rere tó ń rìn ín ni àwọn ẹni ibi ń fẹ́. Bí àwa bá jáde, àwọn ni a fi í sílẹ̀ fún.” Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Agbo ilé tí kò ní olófòófó, olè ló ń jàǹfààní rẹ̀. Ìjọba náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní, ọdún 2020. Wọ́n ń gbìyànjú. Àmọ́ ẹ wò ó, àmọ̀tẹ́kùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹni tó rí i gbẹ̀yìn ní agbo ilé wa ti kú tipẹ́. Èyí tí àwọn ọmọ wa mọ̀, ó wọ bàtà, ó gun ọ̀kadà. Bí ẹ bá bi ọmọ mi pé ẹsẹ̀ mélòó ni àmọ̀tẹ́kùn ní, méjì ni yóò wí.

Nítorí náà, mo ti dá ẹjọ́ náà. Iṣẹ́ gidi ni Akọ̀wé ń ṣe. Bí kò sí ẹni tó ń yọjú wo igbó, tó ń kà, tó sì ń sọ, ọjọ́ tí igbó bá tán la óò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, òfófó tó bá sì dé lẹ́yìn ìsìnkú kò wúlò fún òkú.

Ẹ̀yin ọmọ Ìpáò tó wà l'Ékòó, l'Ábújá àti lókè òkun, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń wálé lọ́dún Kérésìmesì, tí ẹ máa ń ní iyán ò lè wọ̀fun láìsí ẹran ìgbẹ́, tí ẹ máa ń san iye tí Ìyá Ẹlẹ́ran bá pè láìbéèrè orúkọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Owó yín ló ń ra ọta ìbọn. Adìyẹ wà. Ọ̀yà tí wọ́n ń sìn nílé wà, ó sì sanra ju ti oko lọ. Ẹ jẹ ìyẹn, kí ẹ fi akika àti ìnàkí sílẹ̀ fún igbó. Bí ẹ bá rò pé ẹ lè jẹ ẹ́ níkọ̀kọ̀, ẹ rántí pé èmi ṣì wà nínú agbo ilé, n kò sì dà bí Akọ̀wé: èmi máa ń dárúkọ ènìyàn.